Omi Tí A Fi Fọ Ilé Adìẹ, Ọ̀dọ̀ Ta Ló Ń Lọ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òwe yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń pa níwájú oúnjẹ, ṣùgbọ́n òtítọ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé ìdọ̀tí kì í parẹ́ nígbà tó bá kúrò lójú ẹni tó dá a sílẹ̀. Ibòmíràn ló lọ, ẹlòmíràn ló sì lọ bá. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà wo gan-an ni ohun tí mo dà nù kì í ṣe tèmi mọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tàbí ti ìjọba nìkan ni mo gbé dé. Ọ̀rọ̀ adìẹ ni, ó sì kan ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní òkè òkun. Nígbà tí owó díẹ̀ bá wọlé fún wa, tí a sì ń ronú ohun tí a lè fi ṣe nílé, ilé kíkọ́ ló máa ń ṣáájú, ọ̀sìn adìẹ ló sì sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro í mọ̀. Ẹyin kì í pẹ́ tà, adìẹ kì í gba ilẹ̀ púpọ̀, mọ̀lẹ́bí sì wà nílé tí yóò máa bójú tó o. A ó fi owó ránṣẹ́ láti London tàbí Manchester, wọn yóò kọ́ ilé adìẹ sí ẹ̀yìn Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, a ó ṣírò owó oúnjẹ adìẹ, owó oògùn, owó òṣìṣẹ́ àti owó epo jẹnẹrétọ̀. Ohun tí a kì í kọ sínú ìṣirò náà ni ibi tí omi tí a fi fọ ilé adìẹ ń gbà lọ.

Èmi náà kò kọ ọ́. Èmi àti àbúrò mi la jọ ni oko adìẹ kan lẹ́yìn Ìbàdàn, nǹkan bí 2,000 adìẹ tó ń yé ẹyin, pẹ̀lú ibi kékeré kan tí a ti ń pa àwọn tó bá ti gbó, pàápàá nígbà ọdún Kérésìmesì àti Iléyá. Nígbà tí mo lọ sílé ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo rìn láti oko náà lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí odò kékeré kan gbé ń ṣàn kọjá abúlé kan tí kò ju ilé mẹ́wàá lọ. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó síwájú ilé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó fún mi ní àpótí kí n jókòó. Ẹ mọ àṣà wa: kí àlejò tó sọ ohun tó bá wá, a ó ti bu omi fún un. Ìyá yìí kò bu omi. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo ni adìẹ tó wà lókè yẹn, àbí?" Mo ní, "Èmi ni, mà." Ó ní, "Má bínú pé n kò bu omi fún ọ. Omi odò yìí nìkan ni mo ní nílé. N kò lè fi ṣe ẹnikẹ́ni lálejò mọ́."

Kò gbé ohùn sókè, kò bú mi, kò sì béèrè owó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú omi náà, kí a má baà máa jiyàn lórí ohun tí kò yé wa. Adìẹ kan tó ń yé a máa ṣu tó gíráàmù 100 sí 150 lóòjọ́. Bí 2,000 adìẹ bá wà lóko, kílò 200 ìgbẹ́ ni ó kéré tán, lójoojúmọ́, láìsí ìsinmi ọjọ́ Àìkú. Bí a bá fi omi fọ ọ́ kúrò nílẹ̀, omi náà gbé ìgbẹ́, ìyẹ́, oúnjẹ tó dà sílẹ̀ àti oògùn dání. Ti ibi tí a ti ń pa adìẹ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá àti ìfun wà nínú tirẹ̀. Ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń pa adìẹ, omi tí wọ́n ń lò lórí adìẹ kan ṣoṣo lè tó lítà 20 sí 30. Kòkòrò àrùn bíi Salmonella àti Campylobacter a máa gbé nínú ìfun adìẹ láìjẹ́ pé adìẹ fúnra rẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n a sì bá ìgbẹ́ jáde. Bí a bá fi oògùn apakòkòrò sínú omi tí adìẹ ń mu, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò gba ara adìẹ kọjá, yóò sì bọ́ sínú odò.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú kò lè rí. Nínú ìgbẹ́ adìẹ ni náítírójìn wà, tó máa ń di náítírétì nínú ilẹ̀, tí yóò sì máa rin lọ sínú kànga. Ní ọdún 1945, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, Hunter Comly, kọ ìròyìn nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí awọ ara wọn yí padà sí àwọ̀ aró nítorí pé omi kànga tí wọ́n fi po oúnjẹ fún wọn kún fún náítírétì. Ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ọ́síjìn dáadáa mọ́. Títí di òní, ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún omi mímu kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 náítírétì nínú lítà kan. Omi náà lè mọ́ gaara lójú, kí ó má rùn rárá, síbẹ̀ kí ó jẹ́ ewu fún ọmọ ọwọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ àwíjàre wa. Mo ní "àwíjàre wa" nítorí pé èmi fúnra mi ti rò gbogbo wọn.

Èkíní ni pé odò a máa wẹ ara rẹ̀ mọ́. Irọ́ kọ́. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ènìyàn ti ń fọ nǹkan lódò, tí odò kò sì kú. Àwọn bakitéríà tó wà nínú omi ni wọ́n máa ń jẹ ìdọ̀tí náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ń mí, ọ́síjìn inú omi ni wọ́n sì ń mí sínú. Bí ìdọ̀tí bá kéré, omi yóò rí ọ́síjìn mìíràn gbà láti ojú ọ̀run kí tirẹ̀ tó tán. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀ jù, ọ́síjìn yóò tán, ẹja yóò kú, omi yóò sì dúdú, yóò máa rùn. Nítorí náà, odò dà bí ènìyàn tó lágbára: ó lè ru ẹrù, ṣùgbọ́n ẹrù ní ìwọ̀n.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí ti gbìyànjú láti wọn ẹrù náà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1898 lórí omi ìdọ̀tí sọ nínú ìròyìn rẹ̀ kẹjọ, ní 1912, pé omi tí a bá tọ́jú kí a tó dà á sódò kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 30 ẹ̀gbin tó ń fò kiri nínú lítà kan, ọ́síjìn tí yóò sì gbà láàárín ọjọ́ márùn-ún kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 20 lọ. Èyí sì jẹ́ níbi tí omi odò bá tó ìlọ́po mẹ́jọ omi tí a ń dà sínú rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ márùn-ún? Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé kò sí odò kan ní ilẹ̀ yìí tó ń lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ lójú ọ̀nà kí ó tó dé òkun. Bí ó bá ti dé òkun, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìdájọ́ ìwà ló fara pamọ́ sínú nọ́ńbà yẹn: títí dé ibì kan, ìdọ̀tí jẹ́ tèmi, lẹ́yìn ibẹ̀, ó di ti òkun. N kò bú àwọn tó ṣe é, nítorí òfin wọn gba ọ̀pọ̀ odò là. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé nọ́ńbà wọn lọ sí ẹ̀yìn Ìbàdàn bẹ́ẹ̀. Omi tútù ló ń gba ọ́síjìn púpọ̀. Omi tó tutù tó ìwọ̀n 10 lórí ìwọ̀n Celsius lè gbà ju mílígíráàmù 11 lọ nínú lítà kan. Omi odò wa tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó tó ìwọ̀n 28, kò lè gbà tó 8. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́, nígbà tí odò kékeré bẹ́ẹ̀ bá kù bí okùn lásán? Ìlọ́po mẹ́jọ dà? Omi tó ti oko wa jáde nìkan ni odò tó kù nígbà yẹn.

Àwíjàre kejì ni pé ajílẹ̀ ni ìgbẹ́ adìẹ, kì í ṣe májèlé. Òótọ́ ni èyí náà. Bàbá mi a máa fi sí ẹ̀bá ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà a sì gbó bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ fà á. Ṣùgbọ́n adìẹ mélòó ni bàbá mi ní? Ohun tó jẹ́ oúnjẹ fún ilẹ̀ nígbà tó kéré lè di àrùn nígbà tó pọ̀. Àwa tí a wà ní Britain ní àpẹẹrẹ kan nítòsí. Odò Wye tó ṣàn láti Wales wọ England jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù lọ níhìn-ín. Ní ilẹ̀ tó yí i ká, adìẹ tó wà nínú ọgbà kan tàbí òmíràn ju mílíọ̀nù 20 lọ. Wọn kò fi páìpù da ìgbẹ́ náà sódò. Orí pápá ni wọ́n ti fọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n pápá kò lè jẹ gbogbo fọ́sífọ́rọ́sì tó wà nínú rẹ̀ tán, òjò sì ń fọ èyí tó ṣẹ́kù lọ sódò, níbi tó ti ń dara pọ̀ mọ́ omi ìdọ̀tí láti inú àwọn ìlú. Ọ̀bẹ̀dò wá ń bo omi nígbà ẹ̀rùn, koríko abẹ́ omi ń kú, ẹja sàmọ́nù sì ń dín kù. Ní ọdún 2023, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun àdáyébá ní England kéde pé ipò odò náà kò dára, ó sì ń burú sí i. Kò sí àgbẹ̀ kan níbẹ̀ tó lè sọ pé òun nìkan ló pa odò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan tó lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Ibi tí ẹ̀bi bá ti pín sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, olúkúlùkù a máa rò pé tòun kò tó nǹkan.

Àwíjàre kẹta ni pé òfin kò mú wa, gbogbo ènìyàn ló sì ń ṣe é. Ìdáhùn mi sí èyí ni kí a rántí ọdún 1988. Ní ọdún náà ni àṣírí tú pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà yẹn, tó ti di Delta lónìí. Àgbàlá ẹnìkan tó ń gba owó háyà kékeré ni wọ́n kó o sí. Gbogbo wa la bínú, nílé àti lókè òkun. A ní àwọn òyìnbó sọ wá di ààtàn. Ìjọba fi agbára mú wọn kó o padà, ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì ṣe òfin 58 tó dá àjọ tó ń dáàbò bo àyíká sílẹ̀; ní 2007 ni àjọ NESREA tó wà lónìí gba ipò rẹ̀. Ìbínú wa nígbà náà tọ́. Ṣùgbọ́n kí ni a bínú sí gan-an? Ṣé nítorí pé òyìnbó ni wọ́n ni, àbí nítorí pé wọ́n jẹ èrè níbì kan tí wọ́n sì da ẹ̀gbin rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀? Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì ni, ọmọ Yorùbá tó ń gbé London, tó ń gba èrè ẹyin, tí omi oko rẹ̀ sì ń lọ sínú ìkòkò omi ìyá kan nísàlẹ̀ odò, ohun kan náà ló ṣe. Kìkì pé tirẹ̀ kéré, kò sì sí ìwé ìròyìn tó gbé e.

Àwíjàre kẹrin ni ti owó, òun ló sì le jù. Nígbà tí mo bá àbúrò mi sọ ọ́, ó dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, London lẹ wà. Bí a bá fi owó iṣẹ́ yìí kún iye ẹyin, àwọn ẹlẹ́yin tó kù yóò tà ní ẹdínwó, àwọn oníbàárà yóò sá lọ bá wọn. Bí a bá sì kógbá wọlé, òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni yóò padà sílé láìníṣẹ́. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ìwà ìkà?" N kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ẹni tí kò ní í jẹ ìyà ohun tó dá lábàá kò gbọdọ̀ yá ẹnu jù.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé ohun kan sonù nínú ìṣirò àbúrò mi. Kò sí ẹyin tó jẹ́ ẹdínwó níbẹ̀. Ìyá tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń san ìyókù owó ẹyin náà. Ó ń san án nígbà tó bá rin ọ̀nà jíjìn lọ pọn omi, nígbà tó bá ra oògùn inú rírun fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, àti nígbà tí ojú bá tì í níwájú àlejò. Kò jẹ nínú ẹyin náà, kò sì sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ dá sí i. Àwọn baba wa ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Bákan náà, ẹni tó ni adìẹ ló ni ìgbẹ́ rẹ̀. A kò lè sọ pé ẹyin jẹ́ tiwa títí dé ọjà, kí a sì sọ pé ìgbẹ́ kì í ṣe tiwa mọ́ láti ẹnu ọ̀nà.

Bí ó bá sì jẹ́ pé tiwa ni, ta ni nínú àwa méjèèjì ni kí ó ru ú? Àbúrò mi ló ń gbọ́ òórùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi tí mo wà lókè òkun, owó nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ mi, owó kì í sì í rùn. Jíjìnnà mi ló mú kí ó rọrùn fún mi láti gbàgbé. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé láti inú ìpín tèmi ni kí owó iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ jáde. Ó ná mi ní èrè tó ju ti ọdún kan lọ. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè yìn mí, nítorí gbèsè tí mo ti jẹ tẹ́lẹ̀ ni mo san.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro tó bí a ti rò. Ohun àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ ná wa lówó púpọ̀: kí a ha ìgbẹ́ kúrò nílẹ̀ ní gbígbẹ kí omi tó kàn án. Omi tí kò bá bá ìgbẹ́ pàdé, a kò ní í wá bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀. Èyí tí a ha jọ, a pò ó pọ̀ mọ́ èérún pákó, a sì bò ó kúrò lọ́wọ́ òjò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò gbóná fúnra rẹ̀. Bí ooru inú rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n 55, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, tí a sì ń yí i káàkiri kí ooru lè kan gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn yóò kú, ó sì di ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń fi owó rà. A kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ adìẹ tí a pa kan omi rárá. Inú garawa ni a ń gbà á sí, nítorí kò sí ohun tó ń yára jẹ ọ́síjìn inú omi bí ẹ̀jẹ̀.

Omi tó bá ṣẹ́kù ni yóò gba asẹ́ kọjá kí ìyẹ́ lè dúró, lẹ́yìn náà yóò wọ táǹkì kan níbi tí ohun tó wúwo yóò ti rọ̀ sísàlẹ̀, tí ọ̀rá yóò sì léfòó kí a lè kó o kúrò. Láti ibẹ̀, ó wọ táǹkì tí a dé pa, tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Àwọn bakitéríà tí kò nílò ọ́síjìn ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí náà níbẹ̀, gáàsì tí wọ́n ń mú jáde sì ṣeé dáná; àbúrò mi ń fi mú àwọn ọmọ adìẹ gbóná. Lẹ́yìn èyí ni omi ń dúró fún ọjọ́ púpọ̀ nínú adágún tí kò jìn, níbi tí oòrùn àti atẹ́gùn ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ó tó rọra gba inú òkúta wẹ́wẹ́ tí a gbin koríko etí odò sí. Kódà nígbà tó bá jáde níbẹ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń darí rẹ̀ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe odò.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu. Lákọ̀ọ́kọ́, a rò pé kí a kàn da kílórínì sí omi náà, kí kòkòrò kú, kí ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní rárá. Inú omi tó bá dọ̀tí, ẹ̀gbin ni yóò jẹ kílórínì náà tán kí ó tó kan kòkòrò. Bí a bá sì da oògùn tí a fi ń fọ ilé adìẹ lọ sínú táǹkì ní àdàjù, yóò pa àwọn bakitéríà tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn: a kò lè da oògùn lé ohun tí a kò tíì fọ̀.

Ìbéèrè tó kù ni èyí tó ń dà mí láàmú jù: báwo ni kí omi náà mọ́ tó kí n tó lè sọ pé mo ti ṣe tèmi? Omi tó ń ti oko wa jáde lónìí kò tíì mọ́ tó bí odò náà ti mọ́ kí a tó dé. Bóyá kò ní í mọ́ tó bẹ́ẹ̀ láé. Ẹnìkan lè sọ pé bí kò bá ti lè mọ́ pátápátá, kí a ti oko náà pa. Òmíràn lè sọ pé bí ìwé òfin bá ti gbà á, kí a sùn. Èmi kò lè fara mọ́ èkíní, nítorí kò sí oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ tí kò dá ìdọ̀tí kankan sílẹ̀. N kò sì lè fara mọ́ èkejì, nítorí òfin kò mọ ìyá tó wà nísàlẹ̀ odò, èmi sì mọ̀ ọ́n.

Ìwọ̀n tí mo wá rí dì mú wà nínú ilé ìdáná mi ní London níhìn-ín. Púpọ̀ jù lọ nínú omi tí a ń mu ní London ló ti inú odò Thames àti odò Lee wá. Kí Thames tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kọjá Oxford àti Reading, omi ìdọ̀tí àwọn ìlú wọ̀nyẹn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ́jú rẹ̀, sì ń wọ inú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ odò ni àwa náà ń gbé. Ní àràárọ̀, bí a bá bu omi láti po oúnjẹ fún ọmọ, ìgbẹ́kẹ̀lé la fi ń bù ú: pé ẹni tó wà lókè, tí kò mọ orúkọ wa, tí kò sì ní í rí wa láé, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n da omi ẹ̀gbin tí wọn kò tọ́jú sódò nítorí pé òjò pọ̀, a máa ń bínú gan-an. Ìbínú yẹn ni ìwọ̀n. Ohun tí mo retí lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè mi, kò yẹ kí ó dín kù lọ́wọ́ mi fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ mi. Àti pé mo gbọ́dọ̀ máa padà lọ bi í léèrè, nítorí òun ló mọ̀ bóyá omi náà mọ́, kì í ṣe èmi.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún oko adìẹ, tàbí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìbéèrè kan kún àwọn tí ẹ máa ń bi wọ́n lórí tẹlifóònù. Ẹ má ṣe bi wọ́n ní iye ẹyin nìkan. Ẹ bi wọ́n pé, "Omi yẹn, ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ?" Bí wọn kò bá lè dárúkọ ẹnìkan, ẹ ní kí wọ́n rin lọ sísàlẹ̀ odò, kí wọ́n lọ wò ó.

Mo padà lọ kí ìyá náà nígbà tí mo tún lọ sílé. Omi odò ti dín òórùn kù, àwọn ọmọdé sì ti ń fọ aṣọ níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó. Ó wọlé, ó bu omi wá fún mi nínú igbá, ó sì tutù. Mo mu ún tán, mo dúpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Omi òjò ni o. Ti odò yẹn, a ṣì ń wò ó ná."

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa náà ṣì ń wò ó.